Èmi kọ́ ni mo yá owó náà: ápù ayánilówó, fóònù wa àti òfin

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà lẹ ń sọ pé ó yẹ kí ìjọba kó àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé níjàánu, pàápàá àwọn ápù tó ń yá èèyàn lówó. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ẹnì kan á yá owó lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti yọ káàdì fóònù rẹ̀ dànù. Kò fi nǹkan kan dógò, kò mú onídùúró wá. Tí a bá wá pe àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ ó ní a tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ wo ni ajigbèsè ní? Ẹ̀rọ kọ́ ló jẹ gbèsè, èèyàn ni. Kí ni òfin ń wá níbẹ̀?

*

Àbúrò mi, o ṣeun tí o là á mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ kì í sábà yọjú sí wa, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ burúkú dá ọ lóhùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró. Ó ti di ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Abẹ́òkúta. Owó yíyá àti owó sísin niṣẹ́ mi. Mo ti jí dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ní aago márùn-ún ìdájí, mo sì ti rí ọkùnrin tó gba ojú fèrèsé sá lọ nígbà tó gbọ́ ohùn mi. Àwọn baba wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Mo ti bá irú igi bẹ́ẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò bá ajigbèsè kankan sunkún.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọjọ́ Ẹtì ni, à ń ka owó ìpàdé lọ́wọ́, fóònù mi bá gbọ̀n lórí tábìlì. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ rí ni. Fọ́tò aládùúgbò mi àtijọ́ kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, ọkùnrin tó máa ń tún fíríìjì ṣe. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ "WANTED" sí i láyà, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Olè ni ọkùnrin yìí. Ìwọ lo ṣe onídùúró fún un. Tí kò bá san owó wa kí aago méjì tó lù, fọ́tò tìrẹ ló kàn." Akápò ẹgbẹ́ wa ló jókòó tì mí, ó sì ti kà á tán kí n tó dojú fóònù bolẹ̀. Ó wò mí lójú. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó kó owó tó ti kà tán jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kà.

Mi ò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ rárá pé ó yá owó. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló bá mi tún fíríìjì ṣe, bí nọ́ńbà mi ṣe dé inú fóònù rẹ̀ nìyẹn.

Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. O béèrè ohun tí òfin ń wá níbẹ̀. Èmi tí mi ò yá owó ni mo ní kí òfin wá gbà sílẹ̀.

*

Mo ti ka èsì yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní kò sí ìjà níbẹ̀, pé ẹni tó yá owó ti tẹ "Allow" lójú fóònù rẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti bọwọ́ lùwé kò lè ní òun ò ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo gba apá kan níbẹ̀. Ẹni tó bọwọ́ lùwé, gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bọwọ́ lù gan-an.

Ní ọdún 2022, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé fóònù rẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. ₦20,000 ló béèrè, ₦15,600 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, wọ́n sì ní kó dá ₦20,000 padà lọ́jọ́ keje. Wọ́n ti yọ èlé àti owó tí wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó gbà lọ. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún là ń gbà lóṣù. Àwọn obìnrin ọjà ti ní orúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ápù dé, gbọ́mú-lé-lántà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sì mọ bí gíláàsì lántà ṣe máa ń gbóná mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo wá wọ inú ètò fóònù náà, ibi tí wọ́n ti ń rí ohun tí ápù kọ̀ọ̀kan láyè láti fọwọ́ kàn. Ápù yẹn lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ó lè wo fọ́tò rẹ̀. Ó mọ ibi tó wà. Ó sì lè kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù, nọ́ńbà tó lé ní irínwó. Pásítọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fọkanáísà wà níbẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti kú, tí kò lọ́kàn láti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ọmọbìnrin tó ń dẹnu kọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní nọ́ńbà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Èwo nínú wọn ló tẹ "Allow"?

Mo lè fi ilé mi dógò. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ilé aládùúgbò mi dógò nítorí pé mo mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

*

Tíṣà kan sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú mi ronú títí di òru. Ó ní àṣà wa ni, pé Yorùbá ti ń dójú ti ajigbèsè tipẹ́, ápù kàn gbé àṣà náà sórí ẹ̀rọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ òtítọ́ gan-an. Ta ni kò mọ òṣómàáló? Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbowó, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní gba omi, òṣó ni wọ́n máa ló síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n títí owó fi máa jáde. Ológò náà wà. Ẹni tí olówó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni, ó máa lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa pariwo, á máa béèrè oúnjẹ, á pa adìyẹ tó bá rí, kò sì ní lọ títí wọ́n á fi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ owó náà. Ìtìjú ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ta ni òṣómàáló ti ń lóṣòó? Ilé ẹni tó ra aṣọ ni.

Àṣà kẹta tún wà, òun gan-an ni ápù gbé dìde. Àmúyá ni wọ́n ń pè é. Bí ará ìlú kan bá jẹ ọ́ lówó tí kò san, wàá lọ dènà de èèyàn mìíràn láti ìlú rẹ̀, bóyá oníṣòwò tó ń kọjá lọ sọ́jà, wàá mú un pa mọ́ títí àwọn èèyàn rẹ̀ á fi mú owó wá. Ẹni tí wọ́n mú yẹn lè má mọ ajigbèsè náà rí láyé. Ìjà ni àmúyá máa ń bí. Ọ̀nà kì í ṣe é rìn, ọjà á dá páropáro, ìlú á kọjú sí ìlú. Nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀, ó wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè, kì í sì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni inú wọn dùn sí i.

Nítorí náà, tíṣà, mo bá yín gbà pé nǹkan àtijọ́ ni. Àmúyá orí fóònù ni. Àwọn tó mú èmi náà ò mọ̀ mí rí.

*

Ìyá kan kọ̀wé láti Àkúrẹ́ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan, ariwo lásán ni. Rárá o, ìyá mi. Wọ́n ṣe. Ohun tó yẹ ká máa jà lé lórí ni èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n ṣe àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ti sọ pé ohun ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, kò gbọ́dọ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni kàn ń fọwọ́ pa lójú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àjọ NITDA, tó ń mójútó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé ìlànà jáde lórí ìsọfúnni nípa ara ẹni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé Soko Lending Company, ayánilówó orí fóònù. Ohun tí àjọ náà wí ni pé iléeṣẹ́ yẹn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó, àwọn tí kò sí nínú àdéhùn, tí wọn ò sì fún un láyè. Nígbà tí mo kà á, mo pe ọmọ mi kó wá tún un kà sí mi létí, kí n lè mọ̀ pé ojú mi ò tàn mí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, kó àwọn àjọ mìíràn lẹ́yìn wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan l'Ékòó. Lọ́dún kan náà, wọ́n ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni wá dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, àjọ NDPC ló ń mójútó o. Ní oṣù Keje ọdún 2025, FCCPC tún gbé ìlànà tó le sí i jáde: ìtanràn lè tó ₦100,000,000 tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ náà lọ́dún, ayánilówó kò sì gbọ́dọ̀ ju owó sí àkáǹtì ẹni tí kò béèrè.

Ìyẹn kì í ṣe ariwo lásán. Àmọ́ ibi tó ń dùn mí nìyí. Ìtanràn tí wọ́n bá gbà, àpò ìjọba ló ń lọ. Pásítọ̀ tí wọ́n fi fọ́tò ọmọ ìjọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kò rí kọ́bọ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí wọ́n pè ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ kò rí kọ́bọ̀. Ápù tí wọ́n lé lónìí sì lè fi orúkọ mìíràn yọjú lọ́la.

Ohun tí èmi fojú ara mi rí pé ó dín ìyà yìí kù ni ti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Láti ọjọ́ náà ni Google ti ní ápù ayánilówó kankan nínú ọjà òun, ibi tí a ti ń gba ápù sórí fóònù, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí oṣù kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kì í fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn mí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó tún rí òmíràn.

*

Mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi jà lórí ìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábàá bínú gan-an: ó ní ṣé kò tì wá lójú pé iléeṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà ló wá ń ṣe alágbàwí fún ìyá oníyẹ̀fun ní Ìtòkú, ẹni tí a ò dìbò fún, tó lè yí òfin rẹ̀ padà lọ́la tó bá wù ú.

Ó tọ̀nà, ó sì dùn mí tó bó ṣe dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Google ní kí ayánilówó tó bá fẹ́ ta ápù rẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà mú ìwé àṣẹ FCCPC wá. Ìwé tiwa nìyẹn. Àwọn tiwa ló kọ́kọ́ jókòó kọ ohun tí ayánilówó gbọ́dọ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ni ẹni tó di ẹnu ọ̀nà mú ní òun ò ní jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìwé wọlé. Òfin láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ inú ìwé ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láìsí òfin tiwa, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ nìkan ló máa ṣe.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ṣì wà. Ẹ wo àwọn ìlíǹkì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, "tẹ ibí, gba ₦50,000 ní ìṣẹ́jú márùn-ún". Ápù yẹn kò gba ọjà Google kọjá rárá, inú fóònù rẹ ló ń bọ̀ tààrà, òfin ẹnu ọ̀nà yẹn kò sì kàn án. Ọ̀kan nínú wọn ni aládùúgbò mi tẹ̀.

*

Ẹni tó ní kí wọ́n fòfin de gbogbo rẹ̀ pátápátá: ọ̀rọ̀ yín yé mi, àmọ́ mi ò gbà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì pa àkáǹtì gbogbo ẹni tó ń ra kirípítò, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, rẹ́. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ṣíwọ́? Wọ́n gbé e lọ sí ọwọ́ ara wọn, ẹnì kan ń sanwó fún ẹnì kejì, níbi tí ojú ìjọba kò tó. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2023, báńkì kan náà yí àṣẹ yẹn padà.

Ìyàwó ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa rọbí lóru, ilé ìwòsàn ní kí wọ́n san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ wa kì í yáni lówó àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti ń dáwó, a sì máa ń ṣe ìpàdé kí a tó fọwọ́ sí i. Aago méjì òru ni. Orí fóònù ló ti rí owó yá. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Tí mo bá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa, kí ni mo máa sọ fún un?

*

Àbúrò mi tó béèrè ìbéèrè ti padà wá, ó sì mú ọ̀rọ̀ dé ibi tó yẹ: "Tí ẹ bá gba nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ wa, báwo la ṣe máa gba owó wa?"

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Láti ọdún 2014 ni BVN ti wà, nọ́ńbà mọ́kànlá tó so orúkọ èèyàn mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ àti gbogbo àkáǹtì rẹ̀. Òfin ọdún 2017 wà tó fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè sílẹ̀ láyè: ẹni tí kò san lọ́dọ̀ rẹ, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ayánilówó tó kàn á rí i kó tó na owó sí i. Láti ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti ní ètò tí báńkì tó yáni lówó fi lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí ajigbèsè ní sí báńkì mìíràn. Gbogbo ìwọ̀nyí, ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó orí fóònù ló lè wọ inú ètò àwọn báńkì yẹn, àti pé ẹni tó yá ₦10,000, ìnáwó tí ẹ máa fi lé e lè ju owó náà lọ. Òtítọ́ ni. Ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú fi wù yín nìyẹn, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò wọ́n, àwa tí a ò sí nínú àdéhùn là ń san án fún yín. Akápò tó tún owó kà, ó ti san nínú rẹ̀. Èmi náà ti san. Tí òwò kan kò bá lè dúró àfi tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá ń san lára owó rẹ̀, ó yẹ kí olówó fúnra rẹ̀ mọ ẹni tó ń yá lówó kó tó yá a. Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn, onídùúró méjì, wọ́n á wá fúnra wọn, wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ka sí.

*

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọmọ Yábàá yẹn tún sọ nǹkan kan. Ó ní ẹ̀rọ tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa yá lówó sàn ju èèyàn lọ, kò mọ ẹ̀yà, kò mọ ẹ̀sìn, kì í gba rìbá.

Opó kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ọ̀jọ̀jọ̀. Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ló ní. Kò ní àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tí ẹ̀rọ lè kà, owó ọwọ́ ló fi ń ṣòwò. Ọmọ rẹ̀ fi fóònù tirẹ̀ bá a béèrè ₦10,000, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ ní rárá. Ó bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ni mo ṣe?" Mi ò rí ohun tí mo lè sọ fún un. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá kọ̀ fún ẹnì kan, èmi ni mo máa ń sọ fún un lójú rẹ̀, pé oṣù mẹ́ta ni o kò fi dáwó, tàbí pé onídùúró rẹ ṣì jẹ wá. Ó lè bínú, ó lè pè mí ní orúkọ tí kò dáa, àmọ́ ó mọ ohun tó máa tún ṣe.

Òfin ìsọfúnni ọdún 2023 yẹn mọ̀ nípa èyí. Abala 37 rẹ̀ ní kò yẹ kí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe ìpinnu tó máa kan ìgbé ayé èèyàn gidigidi, pé onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara wò ó, kó sì sọ tẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ayánilówó kan fi nọ́ńbà ẹni tí opó yẹn lè pè hàn mí, ẹni tó máa gbé fóònù, tó sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún un ní èdè Yorùbá.

*

Fún àwọn tó ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe báyìí, kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Ya àwòrán ojú fóònù rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà àti aago tó wọlé. Tí o bá yá owó, tètè sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí ápù tó sọ fún wọn, ìtìjú tó bá ti ẹnu rẹ jáde kò tó èyí tí àlejò kó wá. Kọ ẹ̀sùn rẹ ránṣẹ́ sí FCCPC àti sí NDPC, sí méjèèjì. Kí o tó yá owó, wo ojú ewé FCCPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ wà níbẹ̀. Ayánilówó tó bá ní kí o san gbogbo owó padà láàárín ọjọ́ méje, sá fún un: Google fúnra rẹ̀ kò gba ápù tó ń béèrè gbogbo owó láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni irú rẹ̀ gbà wọlé. Kí o sì san owó tí o yá. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ìwà wọn burú, nítorí náà òun ò ní san mọ́.

*

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ìyá Àkúrẹ́: tí wọ́n bá fi mí sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ọjọ́ kan, kí ni màá kọ́kọ́ ṣe?

Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù kékeré fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè lọ síbẹ̀ láìní lọ́yà, kí wọ́n sì tètè dá ẹjọ́ rẹ̀. Olówó ló wà fún. Èmi á dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò yá owó. Òfin ọdún 2023 ti gbà pé ẹni tí wọ́n fi ìsọfúnni rẹ̀ ṣe ní jàǹbá lè pe ẹjọ́ gba owó gbà-má-bínú, àmọ́ ta ló fẹ́ gba lọ́yà nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kan? Kí n mú fóònù mi lọ, kí adájọ́ bi iléeṣẹ́ náà pé níbo lẹ ti rí nọ́ńbà ọkùnrin yìí, ta ló fún yín? Tí wọn ò bá rí ẹni tó fún wọn, kí wọ́n sanwó fún èmi, kì í ṣe fún ìjọba. Tí ayánilówó bá ní irínwó nọ́ńbà lọ́wọ́, tó sì mọ̀ pé irínwó èèyàn lè pe òun lẹ́jọ́, á rò ó wò kó tó tẹ fóònù.

Aládùúgbò mi ti san owó yẹn. Ó wá sílé mi pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò lè wò mí lójú, ó ní òun fẹ́ bá mi tún fíríìjì wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní fíríìjì ò bàjẹ́, kó jókòó.

Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà sórí ìwé pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, mo sì ti kọ ẹ̀sùn mi. Wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí kan tí nǹkan náà ṣojú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo gbé e lọ bá akápò ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè báírò, ó sì fọwọ́ sí i lókè ibi tí mo fọwọ́ sí.